Ó Yí Ni àbí Wọ́n Pààrọ̀ Ẹ̀? Àgbéyẹ̀wò Láti Ìsọ̀ Aṣọ Kan ní Kùmásì

Ìsọ̀ aṣọ kan wà ní Kejetia, ní àárín gbùngbùn Kùmásì, tí ẹsẹ̀ mi máa ń gbé mi lọ nígbàkígbà tí mo bá dé ìlú náà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá ìyá tó ni ìsọ̀ ti wá. Kùmásì ni wọ́n bí ìyá sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń ta ànkárá láti ìgbà èwe wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, oníbàárà kan na owó sídì 200 sí wọn fún aṣọ tí owó rẹ̀ kò tó ìdajì ìyẹn. Ìyá dá a lóhùn ní Twi pé àwọn ò ní nsesa, wọ́n sì kọjú sí ọmọ-ọmọ wọn: "Bá mi sáré lọ ṣẹ́ owó yìí lọ́dọ̀ ìyá onítòmátì." Kí ọmọ náà tó dé, ojú oníbàárà ti bọ́ sára aṣọ mìíràn. Ó ní kí ìyá sesa èyí tí òun kọ́kọ́ mú. Ìyá yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ó tún fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀ báyìí."

Ọ̀rọ̀ Twi kan ṣoṣo ló bójú tó nǹkan méjèèjì. Ìyá ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá. Tí wọ́n bá ní kí ọmọ lọ "pààrọ̀" owó náà, ọmọ lè rò pé ó ya ni, kó gba 200 mìíràn bọ̀. Tí wọ́n bá sì sọ fún mi pé oníbàárà fẹ́ "ṣẹ́" aṣọ, màá máa wò ó bóyá orí rẹ̀ pé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣa àwọn ọ̀rọ̀ yìí jọ bí ẹni tó ń ṣa ìrẹsì: yí, yí padà, pa dà, pààrọ̀, ṣẹ́, rọ́pò, tún ṣe, sún, dín, dẹ̀, fún. Ohun tí mo rí ni pé Yorùbá kì í gbà kí èèyàn sọ pé nǹkan kan ti yàtọ̀ sí ti àná, kó sì dákẹ́ síbẹ̀. Èdè náà á bi í pé: nǹkan mélòó ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ni tàbí méjì? Èyí àná ńkọ́, ó wà síbẹ̀ ni àbí ó ti lọ? Ta ló sì sọ fún ọ pé ó bàjẹ́ tẹ́lẹ̀?

Kùmásì dára fún irú ìbéèrè yìí ju ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá lọ. Àwọn èèyàn wa tó wà níbẹ̀ ń gbé láàárín èdè méjì, àti pé owó, òfin àti ọjà ti yí mọ́ wọn lọ́wọ́ ní ọ̀nà oríṣiríṣi. Àwọn Akan ń pè wá ní Alata. Àwọn àgbà kan ní ata títà ló bí orúkọ náà. Àwọn tó ń ka ìtàn sábà máa ń tọ́ka sí ìlú Allada ní orílẹ̀-èdè Benin. Èyí ó wù kó jẹ́, orúkọ ti lẹ̀ mọ́ wa débi pé ọṣẹ dúdú tiwa ni wọ́n ń pè ní alata samina, ọṣẹ Alata. Ọṣẹ náà kò yí. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni.

Orí owó ni màá ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn jù.

Ohun tí à ń ṣe sí igi ni ṣíṣẹ́. Odindi igi kan ni, o fọwọ́ méjèèjì mú un, ó di méjì, ó di mẹ́ta. Igi náà kò pọ̀ sí i, kò sì dín. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó ńlá tí a bá ṣẹ́ sí wẹ́wẹ́. Télọ̀ náà ń ṣẹ́ etí aṣọ kó má baà tú, ìyẹn la ṣe ń pe ibẹ̀ ní ìṣẹ́tí. Nínú gbogbo ṣíṣẹ́ wọ̀nyí, kò sí ohun tó kúrò, kò sí ohun tó wọlé. Èyí tó kù sọ́wọ́ ọlọ́jà lẹ́yìn ìnájà, tó yẹ kó dá padà fún wa, a kì í pè é ní owó ṣíṣẹ́. Ṣẹ́ńjì ni, Gẹ̀ẹ́sì tó ti gbàgbé ilé bàbá rẹ̀ láàárín wa. Ará Gánà ní tirẹ̀ ń pè é ní balance. Mo ti rí ọmọ Yorùbá Kùmásì kan tó dé Ìbàdàn, tó ń bèèrè balance lọ́wọ́ kọ̀ńdọ́kítọ̀. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ rò pé ó ń bínú sí bí ọkọ̀ ṣe ń mì ni.

Ẹ wo àwọn tó ń ta owó òkèèrè lẹ́bàá ẹnubodè. "Mo fẹ́ ṣẹ́ dọ́là" ni oníbàárà wọn máa wí. Ìwé ìròyìn kò ní kọ bẹ́ẹ̀ láéláé. Ó máa kọ "pàṣípààrọ̀ owó ilẹ̀ òkèèrè". Ta ló jàre? Mo gbà pé ìwé ìròyìn bá ìṣirò mu, ṣùgbọ́n oníbàárà ló sọ bó ṣe rí lójú rẹ̀: dọ́là ni igi ńlá, náírà ni ègé. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé ẹni tó ń lọ sí òdìkejì kì í sọ pé òun fẹ́ ṣẹ́ náírà sí dọ́là. Ó máa ní òun fẹ́ ra dọ́là. Odindi la ń rà, ègé la ń ṣẹ́ sí. Bí ìgbà kan bá tún dé tí náírà kan ju dọ́là kan lọ, gẹ́gẹ́ bó ti rí títí di nǹkan bí 1985, bóyá ọ̀rọ̀ náà máa kọjú sí ibòmíràn.

Sídì fúnra rẹ̀ ti la gbogbo ìwọ̀nyí kọjá. Orúkọ rẹ̀ wá láti ara sedie, ohun tí Akan ń pe owó ẹyọ. Ní 19 July 1965 ni ó gba ipò pọ́n-ùn Gánà, sídì 2.4 sí pọ́n-ùn kan, tòun ti àwòrán Kwame Nkrumah. Ìyẹn jẹ́ ìrọ́pò: ẹnì kan dìde lórí àga, ẹlòmíràn jókòó. Ní February 1966 ni ṣọ́jà gba ìjọba lọ́wọ́ Nkrumah. Nígbà tó di 1967, sídì mìíràn jáde láìsí ojú Nkrumah lára rẹ̀, méjì sí pọ́n-ùn kan. Àwọn àgbà Kùmásì ní wọ́n "pa owó dà" lọ́dún náà. Ní March 1979, ìjọba ṣọ́jà ìgbà náà tún kó owó ìwé tuntun jáde: ẹni tó bá mú 10 àtijọ́ wá, 7 tuntun ló máa gbà. Ìjọba ní pípààrọ̀ ni. Ìyá mi oníṣọ̀ kò gbà. "Ẹni tó bá bá ọ pààrọ̀ nǹkan, ṣé kì í ṣe pé ọwọ́ yín méjèèjì á kún ni? Wọ́n gé owó wa ni." Ọ̀rọ̀ ìyá yìí, mo ti gbé e wò lórí àpẹẹrẹ púpọ̀, kò tíì yẹ̀: pààrọ̀ ń fẹ́ ọwọ́ méjì, tàbí nǹkan méjì tó tó ara wọn. Tí kò bá ti dọ́gba, Yorùbá á wá ọ̀rọ̀ mìíràn fún un, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í dùn létí ìjọba.

Ní 1982, owó ìwé 50 sídì di ohun tí kò níye mọ́. Ìlànà ni pé ọmọ Gánà lè kó tirẹ̀ wá, kó gba òmíràn. Àjèjì kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Fún oníṣòwò Yorùbá tó ń fi owó pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kì í ṣe ṣíṣẹ́, kì í ṣe pípààrọ̀. Wọ́n fagi lé e ni.

Lẹ́yìn náà ni 3 July 2007, nígbà tí sídì 10,000 di sídì Gánà kan. Gbólóhùn tí Báńkì Gánà ń pariwo ká ìlú ni pé iye owó náà kò yí. Ìyẹn bá ọ̀rọ̀ mu. Ṣùgbọ́n kí la fẹ́ pe irú èyí? Ó jẹ́ òdìkejì ṣíṣẹ́: ègé púpọ̀ ló padà di igi kan. Mo rò ó títí, mo rántí pé àwọn baba wa ti ṣe é rí. Owó ẹyọ ogójì ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá, ìyẹn 20,000, a kó sínú àpò kan, ó di ọ̀kẹ́ kan. Dídì ni. Ọ̀kẹ́ kan kò sọ ẹnikẹ́ni di òtòṣì, kò sì sọ ẹnikẹ́ni di ọlọ́rọ̀. Àwọn ará Kejetia kò tilẹ̀ yé tú ẹrù náà wò: títí di òní, o lè gbọ́ lẹ́nu àgbàlagbà níbẹ̀ pé nǹkan kan jẹ́ mílíọ̀nù kan, kí ó sì jẹ́ sídì 100 ló ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ.

Ní Nàìjíríà, a ní tiwa. Náírà gba ipò pọ́n-ùn ní 1 January 1973; ní 1984 wọ́n pa àwọ̀ rẹ̀ dà; ní òpin 2022 wọ́n tún pa ti 200, 500 àti 1,000 dà, kí ìlú tó há mọ́ ẹnu ẹ̀rọ báńkì ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023. Gbogbo rédíò ń pè é ní "pípààrọ̀ owó". Ẹni tó to ìlà láti òwúrọ̀, tó kó owó àtijọ́ sí báńkì, tí kò sì rí tuntun gbà, mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò pé.

Ó wá kan yí. Ohun kan ṣoṣo ló wà nínú yí. Ó ti kọjú síbí, ó wá kọjú sọ́hùn-ún. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń fi ọ̀rọ̀ kékeré sin ín kí á lè mọ irú yíyí tó jẹ́: yí bírí (lẹ́ẹ̀kan náà, láìròtẹ́lẹ̀), yí gbirigbiri (bí àgbá tó ń lọ nílẹ̀), yí ká, yí po. Yí padà ló wọ́pọ̀ jù, padà inú rẹ̀ sì ni ti ẹni tó ń rìn lọ tó wá kọjú sí ibi tó ti ń bọ̀. Ènìyàn tó yí padà ṣì ni ènìyàn náà. Ojú ọjọ́ tó yí padà ṣì ni ojú ọjọ́ kan náà. Èyí ló fi jẹ́ pé tí o bá pààrọ̀ ilé, o ti kó lọ síbòmíràn nìyẹn. Tí o bá yí ilé padà, o ṣì wà níbẹ̀, fèrèsé ló ti di ilẹ̀kùn. Tí o bá tún ilé ṣe, ó ń jò tẹ́lẹ̀ ni.

Ní Magazine ní Suame, àdúgbò àwọn mẹkáníìkì Kùmásì tí òkìkí rẹ̀ kàn yí ká Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, mo gbọ́ bí yí ṣe ń dá ìjà sílẹ̀. Láti 4 August 1974 ni Gánà ti kúrò ní ọwọ́ òsì, tó ń wakọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Nàìjíríà ti ṣe tirẹ̀ ní 2 April 1972. Nítorí náà ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ bá wà lápá ọ̀tún kò wúlò níbẹ̀, àfi tí wọ́n bá gbé e sí òsì. Ọmọ Yorùbá kan tó mú ọkọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún ọ̀gá mẹkáníìkì, Yorùbá bíi tirẹ̀, pé òun fẹ́ kó bá òun yí sítíárìn. Ọ̀gá bọ́ sínú ọkọ̀, ó di sítíárìn mú, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Ó ń yí dáadáa, ẹ̀gbọ́n. Kí ló ṣe é?" Gbé kúrò lọ́tùn-ún sí òsì ló yẹ kó wí. Ohun tó yí kò kúrò lójú kan.

Ẹ jẹ́ ká gbé èyí wá síbi tó ti nira. Ní 18 November 1969, ìjọba Kofi Abrefa Busia pàṣẹ pé àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ ní in láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó fi Gánà sílẹ̀. Ìkànìyàn 1960 ti ka Yorùbá tó nǹkan bí 100,000 ní orílẹ̀-èdè náà: ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà, Ìnísà, Ọ̀yàn, Ṣakí. Kùmásì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára ibùdó wọn. Wọ́n ta ọjà wọn ní ìdajì owó, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé alájọgbé lọ́wọ́, wọ́n wọkọ̀. N kò tíì bá ẹnì kan pàdé lára wọn tó lo "àyípadà" fún ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí. "Ayé yí bírí" ni wọ́n ń wí, tàbí "ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ". Àwọn tó padà wá lẹ́yìn ọdún mélòó kan, "a padà" ni wọ́n wí, padà ti ẹsẹ̀ gan-an.

Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni àpẹẹrẹ tó ń dá mi dúró jù. Àwọn oníṣòwò Yorùbá, pàápàá ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló gbé ìjọ náà dé ọ̀pọ̀ ìlú ní Gánà. Yorùbá ni wọ́n fi ń wàásù, Yorùbá ni wọ́n fi ń kọrin. Lẹ́yìn 1969, ilé ìjọsìn ṣófo. Àwọn ọmọ Gánà díẹ̀ tó kù gbà á, ìjọ tún kún, Twi àti àwọn èdè ilẹ̀ náà sì gba orí pẹpẹ. Ṣé ìjọ náà yí padà ni? Ilé wà, ẹ̀kọ́ wà, adágún ìtẹ̀bọmi wà. Àbí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀? Kò sẹ́ni tó gbé ìjọ mìíràn wá. Mo bi àgbàlagbà kan tó ti ṣe díákónì níbẹ̀ rí. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn." Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ṣà, kò sí èyí tó tó gbólóhùn yìí.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlá, ó kan Nàìjíríà. Ní January 1983, ìjọba Shehu Shagari ní kí àjèjì tí kò níwèé máa lọ, ó sì lé ní mílíọ̀nù kan ará Gánà tó di ẹrù wọn sínú báàgì onílà tí a ṣì ń pè ní Ghana Must Go títí dòní. Ọ̀rọ̀ tí mo fi sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló yẹ ibí yìí: pàṣípààrọ̀. Ìwọ ṣe é fún mi, èmi náà ṣe é fún ọ.

Pa…dà yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Ojú ara ló ń bá ṣiṣẹ́: ọ̀gà pa àwọ̀ dà, olè pa ohùn dà, ẹni tó ń sá ń pa orúkọ dà. Ìwin tàbí ẹranko inú àlọ́ á paradà, á di arẹwà obìnrin, ṣùgbọ́n ìrù rẹ̀ wà lábẹ́ ìró. Ẹni tó pa nǹkan dà ń fẹ́ kí ojú ẹlòmíràn ṣì í. Ní Kùmásì, lẹ́yìn 1969, àwọn kan pa orúkọ dà kí wọ́n lè jókòó. Èyí kò jọ ti ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì tí wọ́n ń pè ní Kofi. Tirẹ̀ kì í ṣe pípa dà. Wọ́n fi kún un ni. Adékúnlé rẹ̀ wà níbi tí wọ́n fi í sí.

Pẹ̀lú èyí, ìgboyà àwọn tó túmọ̀ Bíbélì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ṣì ń yà mí lẹ́nu. Wọ́n fẹ́ ọ̀rọ̀ fún ẹni tó fi ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì gba ronúpìwàdà: ro inú, kí o pa ìwà dà. Pa dà kan náà tí ọ̀gà ń pa! Ohun tó gbà wọ́n ni ronú tó ṣáájú. Inú ló kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ìwà tẹ̀ lé e. Akan náà gba ọ̀nà tó sún mọ́ ọn: adwensakra, èrò ọkàn tó yí. Mùsùlùmí wa, tí wọ́n pọ̀ ní àwọn Zongo, àdúgbò àwọn àlejò, ní Kùmásì, kò wọ ìjàngbọ̀n yìí rárá. Wọ́n mú túúbá láti inú èdè Lárúbáwá, wọ́n sì ń lò ó dé ọ̀rọ̀ ọkọ àti ìyàwó.

Tún ṣe ni ọ̀rọ̀ tí mo fura sí jù, nítorí ó ń dájọ́ kí ẹjọ́ tó dé. Tí mo bá ní mo fẹ́ tún nǹkan ṣe, mo ti sọ pé ó bàjẹ́. Wikipedia tí a kọ ní Yorùbá pe gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn lójú ewé rẹ̀ ní "àtúnṣe". Ẹni tó wá pa ìtàn ìlú kan rẹ́, tó kọ èébú sí i, àtúnṣe ni wọ́n kọ ọ́ sí. Àwọn olóṣèlú náà mọ agbára rẹ̀: àtúnṣe òfin, àtúntò Nàìjíríà. Ní 2015, ẹgbẹ́ APC kò lo àtúnṣe, Change ni wọ́n gbé, tí àwọn ará wa sọ di "ṣẹ́ńjì". Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ṣẹ́ńjì náà bí ẹni tó ń bèèrè owó rẹ̀ lọ́wọ́ kọ̀ńdọ́kítọ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kó wá láìyẹ ẹnu rẹ̀ wò ló bù wọ́n jẹ yẹn.

Àtúnṣe kan wà tó tọ́ sí orúkọ rẹ̀, ti àkọtọ́ Yorùbá. Láti ìgbà tí ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Samuel Ajayi Crowther ti jáde ní 1843 la ti ń jà lórí bí a ó ṣe máa kọ ọ́. "Enia" di ènìyàn, "aiye" di ayé. Ohun tí ẹnu ń pè kò yí. Ọwọ́ ló ń wá bá ẹnu.

Ibi tí mo ti fẹ́ pẹ́ díẹ̀ ni ti fífi ọwọ́ kan nǹkan díẹ̀, tí kì í ṣe pé a yí i, tí kì í ṣe pé a tún un ṣe, tó kàn jẹ́ pé a fẹ́ kó bọ́ sí i. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan, adjust, fún gbogbo rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí o lè ní kí wọ́n ṣe é sí aṣọ, bùréèkì, owó oṣù àti ìjókòó. Yorùbá kò ní in, kò sì fẹ́ ẹ. Ó fẹ́ mọ apá ibi tí ọwọ́ ń lọ. Nínú ọkọ̀, "ẹ sún díẹ̀". Lọ́dọ̀ télọ̀, aṣọ tó gbà jù, a dín in. Èyí tó há, a tú ojú rírán rẹ̀. Èyí tó gùn, a ṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní Magazine, bùréèkì tó dẹ̀, a fún un. Èyí tó ń di táyà mú, a dẹ̀ ẹ́. Rédíò, a rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ọbẹ̀ tó ki, a là á. Onídùndún fa ọṣán, onílù bàtá lẹ ìda mọ́ ojú ìyáàlù kí ohùn rẹ̀ lè wálẹ̀. Bí o bá sọ fún èyíkéyìí nínú wọn pé kó kàn "ṣe àtúnṣe díẹ̀", á wò ọ́ lójú, á ní, "Báwo?"

Èyí ni mo fi gbà pé àwọn ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá kò ràn wá lọ́wọ́ tó. Ìwé atúmọ̀ R. C. Abraham ti 1958 dára gan-an, àpẹẹrẹ rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n láti Yorùbá ló ti ń lọ sí Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tó ń bọ̀ láti òdìkejì sábà máa ń to ọ̀rọ̀ mẹ́fà tẹ̀ léra, kọ́mà láàárín wọn, bí ẹni pé èyí tó bá wu oníkálukú ló lè mú. Akẹ́kọ̀ọ́ á mú èyí àkọ́kọ́. Ìyẹn la ṣe ń rí ìwé ìjọba tó ní kí a "yí táyà padà" nígbà tó bá jò. Táyà ń yí lójoojúmọ́.

Ará Gánà àti Nàìjíríà jọ rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ kò bá sọ apá ibi tó ń lọ. Ọ̀dá, iná inú igbó àti ìpadàbọ̀ àwọn tí a lé ló pàdé ní Gánà ní 1983. Ebi mú débi pé eegun ọrùn ènìyàn yọ síta, wọ́n sì fi orúkọ olórí wọn sọ ọ́, Rawlings chain. April ọdún náà ni ètò ọrọ̀ ajé tuntun bẹ̀rẹ̀. Nàìjíríà tẹ̀ lé e ní 1986 lábẹ́ Ibrahim Babangida, pẹ̀lú ètò Structural Adjustment Programme tí gbogbo wa mọ̀ sí SAP. Ọmọdé ni mí nígbà náà. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lójoojúmọ́ lórí rédíò, n kò sì rí ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ní ilé wa, ẹran inú ọbẹ̀ ló sọ fún wa pé dídín ni, bàbá mi sì ní kí gbogbo wa di àmùrè wa gírí. Ká ní ìjọba gbọ́dọ̀ fi Yorùbá kéde rẹ̀ ni, wọn ì bá ti mú ọ̀kan: a fẹ́ dín owó yín, a fẹ́ dẹ náírà sílẹ̀, a fẹ́ fún yín mọ́ra. Kò sí bí wọ́n ṣe lè sọ ọ́ tí a kò ní gbọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù tó jẹ́ ti ẹni tí wọn kò fi nǹkan kan lọ̀: mọ́ lára. Kì í ṣe pé o yí, kì í ṣe pé ìlú yí. Ẹ jọ wà títí ni. Mo bi ìyá oníṣọ̀ bóyá ó ṣòro fún wọn láti bá Kùmásì mu nígbà tí wọ́n padà dé lẹ́yìn 1969. Wọ́n ní ìbéèrè mi kò ní orí. Ìlú tí wọ́n bí àwọn sí ni, ó ti mọ́ àwọn lára. Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n kó àwọn lọ ni kò mọ́ àwọn lára, nítorí gbogbo ènìyàn níbẹ̀ ń pe àwọn ní ará Gánà. Nígbà tí wọ́n wó apá kan ọjà Kejetia láti tún un kọ́, tí wọ́n kó àwọn oníṣòwò lọ sí Racecourse, àwọn kan lára àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kò fẹ́ kúrò ní Racecourse mọ́. Ó ti mọ́ wọn lára.

Lọ́jọ́ tí mo máa fi Kùmásì sílẹ̀, èmi àti ìyá jọ lọ sí Ntonso, níbi tí wọ́n ti ń fi igbá gbígbẹ́ tẹ àmì adinkra sára aṣọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tẹ̀ ẹ́ fi àmì kan hàn wá, ìràwọ̀ kan láàárín kẹ̀kẹ́: Sesa wo suban. Ó ní kí a sọ ọ́ fún òun ní èdè wa, kí òun lè máa fi ta ọjà fún àwọn Alata. Mo ní, "Pa ìwà rẹ dà." Ìyá ní rárá, ìyẹn jọ ti ẹni tó fẹ́ lọ jalè. Mo ní, "Yí ìwà rẹ padà." Ìyá ní ó sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló máa ra aṣọ tó ń bá a wí báyẹn? Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bèèrè bóyá ó lè jẹ́ "tún ìwà rẹ ṣe". Ó ti gbọ́ Yorùbá díẹ̀ ní Zongo. Ìyá kọjú sí i, wọ́n ní, "Ìwà ta ló bàjẹ́?" Lẹ́yìn náà ni wọ́n na owó aṣọ mìíràn sí i, èyí tí kò ní ìràwọ̀ kankan, wọ́n sì na ọwọ́ kejì: "Ṣẹ́ńjì mi dà?"